Eyín Tó Dákẹ́ Kò Tíì Sàn

Gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn: "Eyín yẹn ti fi mí sílẹ̀." Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọlọ́jà ní Sábó Ṣàgámù, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́kadà ní Agọ́-Ìwòyè, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí eyín kò jẹ́ kó sùn fún òru méjì mẹ́ta, tó ń fi omi tútù sẹ́nu títí ilẹ̀ fi mọ́, á ṣàdéédé jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìrora á ti lọ ráúráú. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Owó tó ti yà sọ́tọ̀ fún dókítà eyín á bá nǹkan mìíràn lọ.

Kò purọ́ o. Ìrora náà lọ lóòótọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn gan-an ni ọjọ́ tí eyín náà kú. Láti ọjọ́ náà lọ, ìtọ́jú tó lè gbà á ti yí padà, owó rẹ̀ ti lé sí i, àkókò tó ṣẹ́ kù fún un sì ti ń dín. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òru yẹn ni mo fẹ́ sọ: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú eyín nígbà náà, ohun tí à bá ti ṣe ṣáájú rẹ̀, àti ohun tó ṣì ṣeé ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ihò ti wà kí ìrora tó dé

Èèpo funfun tó bo òde eyín le ju egungun lọ. Kò sí ohun mìíràn lára èèyàn tó le tó o. Èèpo yìí kò ní iṣan ìmọ̀lára kankan. Ìdí nìyẹn tí ihò fi lè máa gbẹ́ ibẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni eyín mọ̀. Lábẹ́ èèpo náà ni egungun eyín wà, àwọ̀ rẹ̀ fà sí yẹ́lò díẹ̀, ó sì kún fún àwọn ojú ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Ní àárín gbùngbùn ni mùdùnmúdùn eyín wà: ẹ̀jẹ̀, iṣan àti ẹran rírọ̀, tí gbogbo wọn gba ojú ihò kékeré kan ní ṣóńṣó gbòǹgbò wọlé.

Ìdin kọ́ ló ń jẹ eyín, bó ti wù kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kan fi han èèyàn tó nínú igbá. Kòkòrò àìfojúrí ni, inú ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ eyín ló ń gbé, ṣúgà tí àwa bá jẹ ni oúnjẹ tirẹ̀. Tó bá jẹ ṣúgà tán, ásíìdì ló ń yà jáde. Tí ẹnu bá kan débi pé ìwọ̀n pH rẹ̀, èyí tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn, wálẹ̀ ju 5.5 lọ, èèpo eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Itọ́ ló máa ń tún ibẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n itọ́ nílò àyè, ó máa ń tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lẹ́yìn tí a bá jẹun tán.

Níbí ni ọ̀rọ̀ gàrí wa ti wọlé. Ẹni tó bá fi ṣúgà àti ẹ̀pà mu gàrí Ìjẹ̀bú, tó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, itọ́ á ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó gbé abọ́ síwájú láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń bù ú díẹ̀díẹ̀, tó tún ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e, kò fún itọ́ láyè rárá. Iye ìgbà tí ṣúgà ń wọ ẹnu lóòjọ́ ń ba eyín jẹ́ ju bí ṣúgà náà ṣe pọ̀ tó lọ. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n mú wá lórí oúnjẹ, mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mu gàrí mọ́. Màá ní kó mu ún tán nígbà tó bá ń mu ún, kó sì fi omi lásán yọ ẹnu.

Àwọn tó ti fi obì ṣòwò ní Rẹ́mọ kò nílò àlàyé lórí òwe tó ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Èèpo òde le, inú rọ̀. Nítorí náà ẹnu ihò lè kéré gan-an nígbà tí inú rẹ̀ ti gbòòrò jìnnà. Lọ́jọ́ kan, èèyàn á ń jẹ búrẹ́dì lásán, ègé eyín á já sílẹ̀. Búrẹ́dì kọ́ ló kán an. Ó ti pẹ́ tí abẹ́ ibẹ̀ ti ṣófo.

Òru tí eyín ń kú

Nígbà tí ihò bá ti kan egungun eyín, omi tútù á máa ta á. Ní ìpele yìí, ìrora náà kì í pẹ́: omi kúrò, ìrora kúrò. Mùdùnmúdùn ṣì wà láàyè. Dókítà lè gbẹ́ ibi tó jẹrà, kó dí i, kó parí síbẹ̀, níjòkòó ẹ̀ẹ̀kan. Oṣù mélòó kan ni eyín lè fi wà báyìí. Ìgbà yìí ló dára jù láti wá ìtọ́jú, ìgbà yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wá.

Tí kòkòrò bá dé mùdùnmúdùn, ara á da ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀, bó ṣe ń ṣe síbi gbogbo tó bá fara gbọgbẹ́. Ká ní ọwọ́ ni, ọwọ́ á wú, ara á sì ráyè. Inú eyín kò lè wú, ògiri líle ló yí i ká. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò sí ibi tó máa gbà sí. Ìfúnpá inú ibẹ̀ á máa ga, títí yóò fi fún òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà ní ṣóńṣó gbòǹgbò pa. Ìdí tí eyín fi ń lù kìkì pẹ̀lú ọkàn nìyẹn, tí ìrora sì ń le sí i bí èèyàn bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ń ya lọ sí orí.

Àmì méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́: omi tútù ta eyín, omi ti lọ, ìrora kò lọ fún ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìkejì, èyí tó tún burú jù: tíì gbígbóná ló ń gún un, omi tútù ló ń tù ú lára. Ẹni tó ń gbé ike omi dídì káàkiri ilé lóru, tó ń fi sẹ́nu ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, mùdùnmúdùn eyín rẹ̀ ti ń kú lọ. Dídí lásán kò lè gbà á mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́ á dé. Iṣan ìmọ̀lára ti kú, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ iṣẹ́ ìrora fún ọpọlọ mọ́. Kòkòrò ní tirẹ̀ kò kú. Ibi tó ṣókùnkùn, tó lọ́rinrin, tó kún fún ẹran jíjẹrà, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́, ni ó ti rí ilé sí. Díẹ̀díẹ̀, á máa gba ṣóńṣó gbòǹgbò jáde, á máa jẹ egungun àgbọ̀n tó yí i ká. Tí wọ́n bá ya X-ray, wọ́n á rí ojú dúdú róbótó kan ní ìdí gbòǹgbò. Eyín náà lè di aláwọ̀ eérú. Ìléròrò kékeré lè yọ lára ẹran ìdí eyín, kó máa tú ọyún, kó máa pa dé, kó tún tú, láìdun ẹni tó ni ín rárá. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ojú ibi tí ọyún ń gbà jáde bá dí, tàbí tí agbára ara bá rẹlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú mọ́jú.

Bí wíwú náà bá ti ọ̀dọ̀ eyín ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀ wá, ó lè sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n. Tí abẹ́ àgbọ̀n bá ti le gbandi lápá méjèèjì, tí ahọ́n ń gbé sókè, tí aláìsàn kò lè gbé itọ́ mì, tí ohùn rẹ̀ yí padà tàbí tí ibà mú un, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ́mísì mọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la. Ọ̀nà ọ̀fun lè dí láàárín wákàtí díẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Fún ará Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn ló sún mọ́ jù.

Ohun tí kẹ́mísì kò lè ṣe

"Ẹ bá mi di Ampiclox àti Flagyl, eyín ń dùn mí." Ẹni tó ń tajà á di í, wíwú á lọ sílẹ̀, gbogbo ayé á gbà pé oògùn ti ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ìta eyín ló ti ṣiṣẹ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ni oògùn ń gbà rìn, ẹ̀jẹ̀ kò sì wọ inú eyín tó ti kú. Àwọn kòkòrò tó ti jáde sínú egungun ni oògùn pa. Àwọn tó wà nínú ihò gbòǹgbò jókòó síbẹ̀, wọ́n á tún bí sí i. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tó bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ léraléra tún ń kọ́ àwọn kòkòrò ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa borí oògùn ni, ọjọ́ tí àìsàn ńlá bá dé, oògùn náà lè má ran mọ́.

Ẹ má fi ásípírínì sára ẹran ìdí eyín. Ásíìdì ni, á jó ibẹ̀ funfun, egbò á kún ìrora. Omi bátìrì àti bẹntiróòlù tí àwọn kan ń kán sínú ihò ń jó ẹnu, ó sì ń ba eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́. Bí ìrora kò bá jẹ́ kí àgbàlagbà sùn kí ilẹ̀ tó mọ́, ìbùpúrófẹ̀n 400 mg pẹ̀lú parasitámọ̀ 1000 mg lẹ́yìn oúnjẹ máa ń ran eyín lọ́wọ́ ju èyíkéyìí nínú wọn nìkan lọ, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ọjọ́ kan. Aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée kò gbọdọ̀ lo ìbùpúrófẹ̀n láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Oògùn ìrora kan máa gbé èèyàn dé àárọ̀ ni. Kì í ṣe ìtọ́jú.

Nígbà tí eyín ṣì wà láàyè: dídí ihò

Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà fi ń dí eyín níbí, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ sanwó mọ ìyàtọ̀ wọn.

Amalgam ni èyí tó ní àwọ̀ fàdákà. Bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mẹ́kúrì, ìyókù jẹ́ fàdákà, tánganran àti bàbà. Ó lágbára fún eyín ẹ̀yìn, kò sì bẹ̀rù itọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ gbẹ́ ihò náà kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ kó lè dì í mú, èyí tó túmọ̀ sí pé apá kan lára eyín tó yè á bá a lọ. Nítorí mẹ́kúrì tó ń bọ́ sínú omi àti ilẹ̀, àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì ti ọdún 2013, ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè máa dín ìlò rẹ̀ kù. Ẹni tó ní i lẹ́nu tó ṣì dúró dáadáa kò nílò láti lọ yọ ọ́.

Composite ni èyí tó ní àwọ̀ eyín. Ó lẹ̀ mọ́ eyín, nítorí náà ibi tó jẹrà nìkan ni wọ́n á gbẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló gba sùúrù jù. Wọ́n á fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì bí 37% sára eyín fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi 15, wọ́n á fi omi ṣan án, wọ́n á gbẹ ẹ́ níwọ̀nba, wọ́n á fi oje tó ń lẹ̀ kùn ún, wọ́n á wá máa kó composite náà sí i ní ìpele ìpele, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju nǹkan bíi 2 mm lọ, wọ́n á sì máa tan iná búlúù sí ìpele kọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 20 kó lè gan. Bí itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ bá kan ibẹ̀ láàárín, ó bà jẹ́, bí ọ̀dà tí wọ́n kùn sára ògiri tó ṣì tutù ni yóò rí: á dán lónìí, á ṣí lọ́la. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé composite ẹnìkan já láàárín oṣù mẹ́ta, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ibẹ̀ kò gbẹ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tàbí pé wọ́n kó o sí i lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n lè tètè tán.

Glass ionomer ni ìkẹta, òun ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọdé àti fún ibi tí iná mànàmáná kò dúró. Ó ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, ó sì ń tú fluoride sílẹ̀, èròjà tó ń mú kí èèpo eyín le. Kò lágbára tó composite níbi tí eyín ti ń lọ oúnjẹ, ó máa ń jẹ. Ṣùgbọ́n dókítà lè fi irinṣẹ́ ọwọ́ lásán ha ibi tó jẹrà kúrò kó sì fi í dí ihò, láìsí ẹ̀rọ tó ń pariwo, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí abẹ́rẹ́. Ilẹ̀ Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí láàárín àwọn ọdún 1980, fún àwọn abúlé tí kò ní iná. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi glass ionomer sínú àkójọ àwọn oògùn tó ṣe kókó. Mi ò mọ ìdí tí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kankan ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ kò fi yẹ kó jàǹfààní rẹ̀.

Lẹ́yìn dídí, kí omi tútù ṣì máa ta eyín díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kì í ṣe ohun ìyanu. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá pa ẹnu dé tó rí i pé eyín tí wọ́n dí ló kọ́kọ́ ń kan eyín tó kọjú sí i, kó padà lọ́jọ́ kejì. Ohun tí wọ́n fi dí i ló ga jù. Wọ́n á ha á sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó bá fara dà á, eyín náà á máa dùn ún tó bá ń jẹun, ó sì lè dá mùdùnmúdùn lágara.

Lẹ́yìn ìdákẹ́: root canal

Eyín tó kú ṣì wúlò. Gbòǹgbò rẹ̀ dúró gírígírí nínú àgbọ̀n, èèyàn ṣì lè fi jẹ ẹran fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá kó ohun tó jẹrà nínú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì dí i pa. Iṣẹ́ tí root canal ń ṣe nìyẹn. Òkìkí rẹ̀ burú, wọ́n ní ó ń dun èèyàn. Ìrora òru tó ṣáájú ni wọ́n ń rántí. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ lidocaine 2%, èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìrora níbẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí eyín bá ṣì ń ro èèyàn gan-an, abẹ́rẹ́ kan lè má tó; ẹ sọ fún dókítà, á fi kún un.

X-ray ni wọ́n á kọ́kọ́ ya. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi aṣọ rọ́bà yí eyín náà ká kí itọ́ má bàa wọ inú rẹ̀, kí oògùn má sì bọ́ sọ́fun. Wọ́n á lu ihò láti òkè, wọ́n á wá ojú ọ̀nà gbòǹgbò. Eyín iwájú òkè sábà máa ń ní ọ̀nà kan. Eyín ńlá àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ sábà ní mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ti òkè gbòǹgbò mẹ́ta ló ní, àmọ́ ọ̀nà inú rẹ̀ sábà ń jẹ́ mẹ́rin, ìkẹrin yìí tín-ín-rín, ó sì fẹ́ràn àtisá pamọ́. Ọ̀pọ̀ root canal tó padà ń dun èèyàn, ọ̀nà kan tí wọn kò rí ló fà á.

Irin tín-ín-rín ni wọ́n fi ń nu inú rẹ̀. Ẹnu èyí tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ kò nípọn ju 0.1 mm lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn gígùn ọ̀nà náà, kí irin dúró ní nǹkan bíi 0.5 sí 1 mm sí ṣóńṣó gbòǹgbò. Bí kò bá dé ibẹ̀, ìdọ̀tí ṣẹ́ kù. Bó bá kọjá, wọ́n ti ti ìdọ̀tí náà sínú egungun. Láàárín gbogbo rẹ̀, sodium hypochlorite ni wọ́n ń tú sínú ọ̀nà náà, oògùn kan náà tó wà nínú Jik, nítorí òun ló ń yọ́ ẹran tó ti kú níbi tí irin kò lè dé. Ìdí pàtàkì nìyí tí aṣọ rọ́bà fi ṣe kókó, ìdí nìyí náà tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ dán an wò nílé. Bí ọyún bá ṣì ń jáde, wọ́n á kó calcium hydroxide, oògùn tó ń pa kòkòrò, sí i, wọ́n á fi ohun ìgbà díẹ̀ dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á ní kí aláìsàn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dí i pa, gutta-percha ni wọ́n ń lò, oje igi kan láti Ìlà-Oòrùn Gúúsù Éṣíà tí ara kì í kọ̀.

Ìdákẹ́ kejì wà níbí, òun ló sì ń dùn mí jù, nítorí aláìsàn yìí ti gbìyànjú, ó ti sanwó. Lẹ́yìn ìjókòó àkọ́kọ́, ìrora ti lọ. Kò padà wá. Ohun tí wọ́n fi dí ẹnu ihò kò ju èyí tó lè dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Yóò jẹ, yóò là, itọ́ yóò wọlé, kòkòrò yóò padà sínú ilé tí wọ́n ti gbá mọ́ fún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, eyín á wú, ẹni náà á sì máa sọ kiri ìlú pé root canal kò ṣiṣẹ́.

Àwọn mìíràn parí root canal, wọn kò gba ìbòrí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní crown. Eyín ẹ̀yìn tí wọ́n ti lu láti òkè, tí ihò ti jẹ lápá kan, ògiri rẹ̀ kò nípọn mọ́. Òkúta kan nínú ẹ̀wà tàbí egungun ẹran tó láti là á dé gbòǹgbò, bó bá sì ti là dé ibẹ̀, yíyọ ló kù. Ìbòrí ló ń di gbogbo rẹ̀ mú. Wọ́n á ha bí 1.5 sí 2 mm kúrò lórí eyín, wọ́n á gba àwòrán rẹ̀, wọ́n á ṣe ìbòrí onírin, oníseramíìkì tàbí ti zirconia. Eyín iwájú tí ihò rẹ̀ kéré lè má nílò rẹ̀. Ti ẹ̀yìn nílò rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè iye tí root canal pẹ̀lú ìbòrí jẹ́ lápapọ̀. Bí owó kò bá ní dé ìbòrí láé, ó yẹ kí dókítà àti aláìsàn jọ jókòó sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn tí eyín bá là.

Nígbà tí yíyọ bá di dandan

Mi ò sọ pé yíyọ burú. Eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ ti là, èyí tó ti jẹrà wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín, èyí tó ń mì nítorí egungun ti yọ́ lábẹ́ rẹ̀, yíyọ ni ìtọ́jú wọn. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni eyín tó ṣeé dí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹni tí wọ́n bá yọ eyín fún kó fi eyín di òwú mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìmáa ṣí i wò. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú kòtò yẹn ni oògùn rẹ̀. Kó má yọ ẹnu, má tutọ́ kíkankíkan, má mu sìgá, má fi sítúrọ́ọ̀ fa nǹkan mu fún wákàtí 24. Ìkọ́kọrẹ́ tó ti tutù, tí ata rẹ̀ kò pọ̀, dára fún un lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, kó máa fi ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ìrora bá tún le ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, tó ń gún dé etí, tí ẹnu ń rùn, ẹ̀jẹ̀ tó dì ti ṣí kúrò, egungun ti hàn. Kó padà kí wọ́n fọ ibẹ̀ kí wọ́n sì fi oògùn sí i.

Àlàfo náà kò ní dúró bó ṣe wà. Eyín ẹ̀gbẹ́ á fì sí i, eyín tó kọjú sí i á máa gùn sọ̀ kalẹ̀ tàbí gòkè, egungun ibẹ̀ á sì fẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá láàárín ọdún àkọ́kọ́. Eyín àtọwọ́dá tó ń yọ wọlé yọ jáde ló rọrùn jù lápò. Àwọn èèyàn máa ń sáré wá ṣe é nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ̀rín lè pé nínú fọ́tò Ojúde Ọba. Ẹran ìdí eyín tí kò tíì jinná á ṣì sún kì. Eyín tó bá a mu lónìí á máa jábọ́ lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó máa dúró, kó yọ ohun tó máa yọ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ṣáájú. Kó máa bọ́ ọ sínú omi tútù tó bá fẹ́ sùn, kó má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, á lọ́. Bó bá kán, kó má fi gúlù lẹ̀ ẹ́: ìlẹ̀mọ́ náà kì í dọ́gba, ó máa ń dá egbò sẹ́nu, ó sì máa ń mú kó ṣòro fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Bridge, eyín àtọwọ́dá tí wọ́n gbé lé eyín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí afárá, máa ń dúró pa, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gé eyín méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà kéré. Bí àwọn méjì yẹn bá yè kooro, èmi kò ní gbà á nímọ̀ràn. Implant kò fọwọ́ kan wọn: ìdè onírin titanium ni wọ́n ń gbìn sínú egungun kí eyín àtọwọ́dá lè jókòó lé e, bí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún aláìsàn kan ní Sweden ní 1965. Ó gba bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí egungun tó dì í mú, owó rẹ̀ wúwo, àtọ̀gbẹ tí kò sí níkàáwọ́ àti sìgá sì máa ń bà á jẹ́.

Eyín tó yọ ní ọdún mẹ́fà

Bí ọmọ bá ti ń súnmọ́ ọdún mẹ́fà, eyín ńlá kan á yọ lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Eyín kankan kò já kó tó yọ, nítorí náà àwọn òbí gbà pé eyín ọmọdé ni, yóò já tó bá yá. Kò ní já. Òun ni yóò fi jẹun títí di ogbó rẹ̀, kòtò orí rẹ̀ sì jìn, ìdọ̀tí máa ń há síbẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ tó yọ, wọ́n lè da ohun tín-ín-rín kan sínú kòtò náà kó dí i pa láìgbẹ́ ohunkóhun, láìgún abẹ́rẹ́. Bí ihò bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú eyín ọmọdé tó wà níwájú rẹ̀, silver diamine fluoride 38%, oògùn olómi tí wọ́n ń kùn síbẹ̀, lè dá a dúró. Ó máa ń sọ ibẹ̀ di dúdú, kí wọ́n sọ fún òbí ṣáájú.

Pákò Ìjẹ̀bú àti orin ata kò ní kí wọ́n lọ o. Wọ́n ń fọ ojú eyín dáadáa fún ẹni tó bá fi sùúrù rún un. Ṣùgbọ́n wọn kì í dé ẹ̀yìn kọ́lọ́fín, wọn kò sì ní fluoride tó eyín ọmọ. Kí pákò wá láàárọ̀, kí búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tó ní 1000 sí 1500 ppm fluoride wá kí ọmọ tó sùn: bí hóró ìrẹsì kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, bí hóró ẹ̀wà kan fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà. Kó tutọ́ rẹ̀ dànù, kó má fi omi yọ ọ́. Àgbàlagbà ni kó máa bá a fọ̀ ọ́ títí yóò fi tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ.

Láti rí eyín náà, ẹ ní kí ọmọ la ẹnu lójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín iwájú, kí ẹ máa kà lọ sẹ́yìn: òun ni ìkẹfà. Bí ẹ bá rí àmì dúdú nínú kòtò rẹ̀, ẹ mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má dúró de ọlidé, ẹ má sì bi í bóyá ó ń dùn ún.